Ìyàwó Tí Ẹnu Mi Fẹ́

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń gbóòórùn ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ mi kí n tó rẹ ẹ́ sómi. Ní ìrọ̀lẹ́, tí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé láti Ilémọ̀nà, tí ó sì ti wọ balùwẹ̀, màá yọ ṣẹ́ẹ̀tì náà lórí okùn, màá gbé e símú, màá sì fà á bí ẹni ń fín áásà. Òógùn ni mo máa ń gbọ́, àti eruku ọ̀nà, àti èéfín ọ̀kadà. Lọ́fínńdà obìnrin ni mo ń wá, mi ò sì rí i níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹlòmíràn ìbá tìtorí ìyẹn lọ sùn fọnfọn. Èmi kọ́. Tí mi ò bá ti gbọ́ òórùn kankan, ohun tí mo máa ń sọ fún ara mi ni pé ọkùnrin yìí mà gbọ́n o, ó ti wẹ̀ kó tó dé.

Kí ẹ má rò pé ó ti ṣe nǹkan kan fún mi. Akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ènìyàn jẹ́jẹ́ tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, tó jẹ́ pé tí ẹ bá ti gbé ànàmọ́ díndín àti ata síwájú rẹ̀, ayé rẹ̀ ti pé. Èmi ní tèmi ń ṣe irun ní ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà Pólì. Ṣùgbọ́n ilé olórogún mẹ́rin ni wọ́n bí mi sí níhìn-ín ní Ọ̀fà, ìyá mi sì ni ìyálé. Gbogbo ìgbà tó bá ń dirun fún mi, tí ó fi orúnkún méjèèjì há mi mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ sí mi létí: "Kò sí ọkùnrin tó ń fẹ́ ẹyọ kan, àfi èyí tí kò tíì rí èkejì." Mo gbọ́ ọ títí ó fi wọ̀ mí lára. Nígbà tí mo wá délé ọkọ, tí mi ò bá orogún kankan níbẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo ṣáà ń retí rẹ̀, bí ẹni ń retí àlejò tó ti ránṣẹ́ pé òun wà lójú ọ̀nà.

Ọdún Iléyá kan ni àwọn ará ọ́fíìsì rẹ̀ wá jẹran nílé wa. Obìnrin kan wà láàárín wọn, ọmọ Òmù-Àrán, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá síbi iṣẹ́ wọn, tó sì ń gbé ní Ilémọ̀nà. Kò tíì lọ́kọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi, orúnkún rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀. Ó dúdú, ara rẹ̀ ń dán, ó tún wá ní èjí. Ó tọ́ ọbẹ̀ mi wò, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bí ẹ ṣe ń se ọbẹ̀ yìí." Ẹ gbà mí o! Kí ló fẹ́ fi ọbẹ̀ mi ṣe? Ta ló fẹ́ sè é fún? Nígbà tí wọ́n lọ tán, tí ọkọ mi ń kó àga wọlé, mo ní, "Ìyàwó yín ti lọ?"

Ó ní, "Ìyàwó mi wo?"

"Ìyàwó Ilémọ̀nà."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bí mi nínú jù. Ọkùnrin tí kò mọwọ́mẹsẹ̀, ṣebí ńṣe ni ìbá bínú? Bẹ́ẹ̀ ká ní ó bínú ni, màá sọ pé ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú.

Láti ọjọ́ náà, mi ò pe obìnrin yìí lórúkọ mìíràn mọ́. Tí òjò bá dá ọkọ mi dúró, ìyàwó Ilémọ̀nà ló dì í mú. Tí kò bá jẹun tán, ìyàwó Ilémọ̀nà ti bọ́ ọ yó. Tó bá dákẹ́ sórí àga, mo máa ń bi í pé, "Òun lẹ tún ń rò?" Àwọn oníbàárà mi ní ṣọ́ọ̀bù gbọ́ ọ, wọ́n gbé e sẹ́nu. Kí ẹni tó fẹ́ ṣerun tó jókòó dáadáa, á ti ní, "Ìyàwó Ilémọ̀nà ńkọ́ o?" Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, èmi ń fi owú dá wọn lóhùn. Àwọn ọmọ náà gbọ́ ọ. Àbígbẹ̀yìn mi rọ̀ mọ́ bàbá rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Daddy, kí ni Mummy Ilémọ̀nà fi ránṣẹ́ sí wa?" Mo gbá a létí. Ọmọ náà ò mọ ohun tóun ṣe.

Alhaja, ìyá ọkọ mi, gbọ́ ọ ní tirẹ̀ bí àgbàlagbà ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ní agboolé wa, tí ìyálé bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ pe obìnrin kan ní ìyàwó, ó ti ṣílẹ̀kùn fún un nìyẹn. Kò sẹ́ni tó tún ń bi í bóyá ó yọ̀ǹda. Èmi tí mo dàgbà sáàárín orogún, mo mọ àṣà yìí bí ẹní mowó, owú ni kò jẹ́ kí n rántí. Nígbà tí wọ́n wa ànàmọ́ dé láti oko, Alhaja pín in sí ọ̀nà méjì, ó ní, "Tilé nìyí. Èyí jẹ́ ti ìyàwó Ilémọ̀nà tí o máa ń dárúkọ." Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mi ò sùn mọ́jú ọjọ́ kejì.

Ilẹ̀ mọ́, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó di Ilémọ̀nà. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, ìjàkadì lorò wa, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni téèyàn fẹ́ bá jà kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò ni mo bá ọkọ mi pẹ̀lú àwọn ọkùnrin bíi tirẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Obìnrin náà ò sí nítòsí wọn rárá. Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti sanwó ọ̀kadà. Mo figbe ta: "Ìyàwó yín dà? Ẹ pè é jáde kí n rí i!"

Ọkọ mi dìde pẹ̀lú èèpo ẹ̀pà lọ́wọ́. "Mummy, kí ló dé? Ìyàwó wo?"

Ibẹ̀ ni obìnrin náà ti yọ láti inú ọ́fíìsì. Ó rò pé àlejò ni mo wá ṣe. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ káàbọ̀ ma." Mo nawọ́ sí i lójú gbogbo ayé: "Òun nìyí! Ìyàwó Ilémọ̀nà!" Gbogbo wọn ló jáde wá wòran. Kò dìde lórí ìkúnlẹ̀, omijé kàn ń bọ́ lójú rẹ̀.

Tíṣà kan ń fẹ́ obìnrin náà sọ́nà nígbà náà, àwọn méjèèjì ti mọ ara wọn délé. Ọ̀rọ̀ mi ò pẹ́ dé etí ọkùnrin yẹn. Ó ní òun ò lè fẹ́ ìyàwó oníyàwó, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó wá di dandan kí ọkọ mi àti àbúrò bàbá rẹ̀ lọ bẹ àwọn òbí ọmọbìnrin náà. Wọ́n lọ, wọn ò rí ojú rere, wọ́n tún lọ. Ọkọ mi tún ń yà kí ọmọbìnrin náà nílé rẹ̀ ní Ilémọ̀nà, nítorí ìtìjú ò jẹ́ kó wá síbi iṣẹ́ mọ́. Tó bá ti wọlé, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà: "Ṣé ẹ ti jẹun níbẹ̀?" Á ní rárá. Mi ò gbà á gbọ́, lọ́jọ́ kejì màá tún bi í. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti jẹun." Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́. Mo gbé àwo oúnjẹ padà sí kíṣìnnì. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń wá ìdáhùn yẹn kiri, mi ò rò ó rí pé kí ni màá ṣe tó bá dé.

Alhaja ló pè mí sí yàrá rẹ̀ láti sọ fún mi pé wọ́n fẹ́ so yìgì. Mo ní, "Alhaja, ta lẹ bi? Ta ló gbà fún wọn?"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ìwọ ni. Ta ló kọ́kọ́ pè é níyàwó? Èmi ò mọ̀ ọ́n rí kó tó ti ẹnu rẹ jáde. Gbogbo agboolé ló ń yìn ọ́ pé ìyálé gidi ni ọ́."

Mo wó lulẹ̀, mo sunkún bí ẹni tó ṣòfò. Alhaja jókòó tì mí, ó ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn, ó ní, "Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ, ọmọ mi." Ó dùn ún gan-an, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè dá ọ̀rọ̀ náà padà mọ́.

Ó ti pẹ́. Yàrá ìyàwó Ilémọ̀nà kọjú sí tèmi. Láràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ kí mi, kò rí mi fín rí, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Tí mo bá gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì nínú yàrá yẹn, owú ṣì máa ń jẹ mí títí iyọ̀ á fi pọ̀ jù nínú ọbẹ̀. Mi ò sì sọ pé ọkọ mi ò jẹ̀bi o! Èmi kọ́ ni mo so yìgì fún un, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn débẹ̀.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, èmi àti ọkọ mi nìkan jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ewú ti bo orí rẹ̀. Mo bi í, láìsí ìjà lóhùn mi, pé ìgbà wo gan-an ni ọ̀rọ̀ obìnrin náà wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ó ní, "Ojoojúmọ́ lo ń sọ fún mi pé òun ni mò ń rò. Lọ́jọ́ kan, mo jókòó, mo bá rò ó."

Ó tún dákẹ́, ó ń wo ojú títì, èmi náà ń wo ibi tó ń wò. Mi ò bi í pé kí ló ń rò.