Àpótí Ìyá Sàfúrátù

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Ìyá Sàfúrátù ní Ìsẹ̀-Èkìtì, orí àga onítìmùtìmù ni wọ́n gbé màmá náà sí bí ọba, ìrọ̀rí lẹ́yìn, ìrọ̀rí lọ́tùn-ún, ìrọ̀rí lósì. Ọmọ wọn obìnrin, Sàfúrátù, tó ń ta abọ́ àti ike lọ́jà, ló ní kí n wá. Màmá ti yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Eegun kankan kò ṣẹ́, Ọlọ́run ló yọ wọ́n, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti wọ ilé náà, kò sì jáde mọ́.

Iṣẹ́ físíò ni mo ń ṣe. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni mí, gúúsù Èkìtì yìí náà ni mo sì ti ń ṣe é. Àwọn àgbàlagbà wa a máa rò pé ìpara ni mo gbé sínú báàgì, pé n óò fi ra wọ́n léjìká, wọn óò sì sùn lọ fọnfọn. Tí mo bá ní kí wọ́n dìde, inú wọn kì í dùn. Bẹ́ẹ̀, dídìde yẹn gan-an ni iṣẹ́ mi: kí iṣan ẹsẹ̀ lágbára, kí ara rántí bí a ṣe ń dúró déédéé, kí àgbàlagbà má baà ṣubú.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde fún mi láì fọwọ́ ti àga.”

Kí màmá tó mira, Sàfúrátù ti gbá wọn mú lábíyá. “Dókítà, a kì í jẹ́ kí wọ́n dìde fúnra wọn,” ó ní. Èmi kì í ṣe dókítà, mo sọ ọ́ fún un títí, ó sú mi. “Bí wọ́n bá fẹ́ omi, a óò gbé e wá. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ sí balùwẹ̀, a óò gbé wọn lọ.”

Ìwà ọmọlúàbí ni. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó bá jẹ́ kí ìyá rẹ̀ arúgbó máa gbé abọ́ fúnra rẹ̀, ará àdúgbò á bá a wí. Sàfúrátù fẹ́ràn ìyá rẹ̀ débi pé ó gbé àpótí tí wọ́n máa ń jókòó lé dáná pamọ́ sẹ́yìn ilé, kí wọ́n má baà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́. Mo wo itan màmá, ó ti gbẹ. Ẹsẹ̀ tó ti rin oko kòkó láti kékeré ti ń gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ lórí àga. Mo mọ̀ pé bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọn óò tún ṣubú, eegun lè má mórí bọ́ nígbà yẹn.

Mo bi màmá léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ gan-an. Mo rò pé wọn óò ní àwọn fẹ́ lọ sọ́jà. Wọ́n wo ọmọ wọn, wọ́n ní:

“Mo fẹ́ forí kan ulẹ̀.”

Ilẹ̀ ni ulẹ̀ lẹ́nu wa. Orí àga ni wọ́n ti ń kírun láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú. Sàfúrátù sọ fún mi pé Alfáà ti ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, pé Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ aláìlera.

“Mo mọ̀ pé Ọlọ́run gbà á,” màmá ní. “Èmi ni kò tẹ́ lọ́rùn. Mo fẹ́ tún forí kan ulẹ̀ ní Yídì kí n tó kú.”

“Tí ẹ bá lọ sílẹ̀ tí ẹ ò lè dìde ńkọ́, lójú gbogbo ayé?” Omi ti ń bọ́ lójú Sàfúrátù.

Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ń kírun, n kò fi ojú iṣẹ́ mi wò ó rí. Nígbà tí àkókò ìrun tó lọ́jọ́ náà, mo wo Sàfúrátù. Ó bẹ̀rẹ̀ dáwọ́ tẹ orúnkún, ó nàró, ó kúnlẹ̀, ó forí kanlẹ̀, ó sì ti ilẹ̀ dìde láì di nǹkan kan mú. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé-ìwé pé kí a máa kọ́ àgbàlagbà ló wà níbẹ̀. Láti kékeré ni màmá ti ń ṣe é, ẹnikẹ́ni kò pè é ní físíò.

“Lọ gbé àpótí yẹn wá,” mo sọ fún Sàfúrátù.

Orí àga la ti bẹ̀rẹ̀, a kó ìrọ̀rí kúrò. Nígbà tí itan rántí bí a ṣe ń dìde níbẹ̀, a sọ̀kalẹ̀ sórí àpótí, tó ń mú ènìyàn lọ sílẹ̀ gan-an. Láti orí àpótí la ti bọ́ sórí ẹní: orúnkún kan nílẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ kejì níwájú, ọwọ́ lórí orúnkún, ó yá, ẹ tì í.

“Ọmọ Ùkẹ́rẹ́, ṣé o fẹ́ pa mí ni?” màmá a wí.

“Rárá o, Màmá. Ẹran Iléyá yín ni mo fẹ́ jẹ.”

Ọwọ́ Sàfúrátù ló le jù láti kọ́. Mo ní kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, kó na ọwọ́ sílẹ̀ dè wọ́n, ṣùgbọ́n kó má fi kàn wọ́n. Ọwọ́ náà a tún máa sá lọ sí abíyá màmá. Ó ṣòro fún un ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Nígbà tí Iléyá dé, mo dúró sábẹ́ igi lẹ́yìn àwọn obìnrin ní Yídì. Màmá ká ẹní wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní ilẹ̀ gan-an ni àwọn fẹ́. Nígbà tí gbogbo wọn forí kanlẹ̀, màmá bá wọn lọ. Nígbà tí gbogbo wọn dìde, màmá kò dìde. Sàfúrátù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìrun ló ń kí, kò lè bojú wẹ̀gbẹ́. Nígbà tó yá, mo rí i tí ẹsẹ̀ ọ̀tún yọ jáde lábẹ́ ìbòrí, tó tẹ ilẹ̀, tí ọwọ́ lé orúnkún. Ìyá àgbà náà gòkè díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì dúró gbọnrangandan.

Mo mọ orúkọ gbogbo iṣan tó ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹnu ṣì ń yà mí títí di òní, n kò sì mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Nígbà tí a délé, Sàfúrátù mú aṣọ wá kó fi nu iyẹ̀pẹ̀ iwájú orí ìyá rẹ̀. Wọ́n gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò. “Fi í lẹ̀,” wọ́n ní. Wọ́n dìde lórí àpótí wọn, wọ́n bu ẹran sí abọ́, wọ́n sì ń gbé e bọ̀ wá fún mi fúnra wọn. Sàfúrátù fò dìde láti gbà á. Ó na ọwọ́, ó rántí, ó sì dá ọwọ́ náà dúró lágbedeméjì.