Díìsì Tí Mo Gbé Lọ Fá ní Gbọ̀ngán

Mo rántí ìgbà tí ọ̀gá mi ní Àpòmù fi èékánná wọ́ ojú díìsì bíréèkì, irin pẹlẹbẹ tó ń mú táyà dúró, tí mo tú lára máṣíìnì àbúrò mi. Ojú rẹ̀ ti jẹ, èékánná ń kọ́ lára rẹ̀ ṣáá. Wọ́n gbé e sókè sí oòrùn, wọ́n ka nọ́ńbà kékeré tó wà lára rẹ̀, èyí tó ń sọ bó ṣe lè tín-ín-rín tó kó tó di jíjù nù. Wọ́n mi orí. "Èyí ti ṣiṣẹ́ tán. Má gbé e lọ fá o. Lọ wá òmíràn ní Ìbàdàn."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá." Ẹnu lásán ni. Kò tíì pé oṣù kan tí wọ́n fún mi ní firídọ́ọ̀mù, tí màmá mi sunkún ayọ̀ lójú gbogbo àwọn mẹkáníìkì. Mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Ìkirè, létí títì, níbi tí àwọn tó ń ta dòdò ti ń sá tẹ̀lé mọ́tò. Ẹni tó ti gba firídọ́ọ̀mù, ta ló tún ń kọ́ ọ níṣẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni èmi ọ̀gá tuntun ṣe ń rò ó, èmi tí sípánà mi ò tíì kún àpótí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo mọ òwe yẹn dáadáa, àwọn ẹlòmíràn ni mo máa ń pa á fún.

Máṣíìnì náà ti gbó, baba wa ló gùn ún títí wọ́n fi kú. Òun ni àbúrò mi fi ń gbé èrò láàárín Ìkirè àti Àpòmù, ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú oyún. Ó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń wojú mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n padà sójú ọ̀nà." Ó wù mí kó rí i pé mo mọṣẹ́. Mo gbé díìsì lọ bá tọ́nà kan ní Gbọ̀ngán tó ń fi ẹ̀rọ fá irin. Òun náà bi mí bóyá ó ṣì nípọn tó. Mo ní, "Ẹ fá a jàre, èmi ni mẹkáníìkì." Ó fá a, ó ń dán gbinrin. Nígbà tí mo dè é padà, bíréèkì mú ṣinṣin, àbúrò mi fò sókè: "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ yín dára o!"

Kò pẹ́ tó fi wá sọ fún mi pé bíréèkì ń gbọ̀n lọ́wọ́ òun. Mo ní kó máa lọ, kò sí nǹkan kan, bó bá rìn díẹ̀, gbígbọ̀n náà á lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n sáré wá pè mí. Àbúrò mi ń sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó já sí títì Ìbàdàn, tírélà ń bọ̀, ó fa bíréèkì, máṣíìnì ò dúró. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ bò ó. Díìsì ti kán, ààbọ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀. Yéè, mo gbé! Kí omijé tó jáde lójú mi, mo ti mú ààbọ̀ díìsì náà, mo ti kì í bọ àpò. Ohun tí ọwọ́ mi kọ́kọ́ ṣe nìyẹn.

Ọ̀gá mi wá kí wa. Wọ́n wò mí títí, wọ́n sì bá ọ̀nà wọn lọ. Mo ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, oko ni mo ń ro báyìí ní Ararọ̀mí-Òwu, oorun ò sì kún ojú mi rí láti ìgbà náà. Ààbọ̀ díìsì ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo máa ń fi èékánná wọ́ ọ. Kì í kọ́ níbì kankan.

Màmá mi gbà pé kádàrá ni. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí mo bá lọ kí wọn, wọ́n á gbé ọwọ́ lé mi lórí: "Ọlọ́run ò ní gbàgbé ẹ, ọmọ mi. O ṣe tìẹ. Ìwọ lo tún máṣíìnì ṣe fún un."

Èmi náà á ní, "Àmín, màámi."