Ibi Gbogbo Lórí Ahọ́n

Ìyá Láàbù kì í ṣe olùkọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí ní láàbù iléèwé kan ni kó máa fọ ìgò, kó máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́, kó sì rí i pé ọmọ kankan ò fi ásíìdì fọwọ́. Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún lẹ́nu ẹ̀. Àmọ́ ní gbogbo ọjọ́ Ajé, kí aago tó lù, á ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ohun tuntun kan tó kà lórí fóònù nípa sáyẹ́ǹsì sára pátákó ẹnu ilẹ̀kùn láàbù. Á sì kọ ìkànnì ayélujára tó ti rí i sísàlẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lè lọ fojú ara rẹ̀ rí i. Àwọn olùkọ́ ń pè é ní ọ̀jọ̀gbọ́n afọgò. Àwọn ọmọ ní tiwọn a máa rọ́ lu ara wọn níwájú pátákó náà.

Ọmọbìnrin tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin bí wà lára wọn. Ọwọ́ rẹ̀ lọmọbìnrin náà ti dàgbà, kò sì sí ohun tí wọ́n sọ fún un tí kì í béèrè pé, "Níbo lẹ ti rí i, Àǹtí?" Ìdánwò àtiwọ iléèwé sáyẹ́ǹsì ìjọba ló ń múra fún, ibi tí Ìyá Láàbù fúnra rẹ̀ fẹ́ lọ nígbà èwe tí kò lọ.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Ìyá Láàbù kọ ọ́ sára pátákó pé àwòrán ahọ́n tó wà nínú ìwé wọn kò tọ̀nà: kì í ṣe iwájú ahọ́n nìkan ló ń mọ adùn, kì í ṣe ẹ̀yìn nìkan ló ń mọ ìkorò, ibi gbogbo ló ń mọ gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ ní irọ́ ni. Ó lọ hóró oògùn kíkorò kan, ó pò ó mọ́ omi, ó sì fi òwú tọ́ ọ sí ṣóńṣó ahọ́n wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú wọn fún pọ̀ bí aṣọ tí wọ́n fún omi rẹ̀. Ti ọmọ àbúrò rẹ̀ ló fún pọ̀ jù, Ìyá Láàbù sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí ìdánwò dé, wọ́n béèrè apá ibi tó ń mọ ìkorò lára ahọ́n. Ọmọ náà kọ ọ́ pé ibi gbogbo. Máàkì kan péré ni kò jẹ́ kó wọlé.

Ìyá Láàbù tẹ gbogbo ohun tó rí lórí ìkànnì sórí bébà, ó kó o lọ sí ọ́fíìsì ìdánwò. Akọ̀wé ibẹ̀ kà á tán pátápátá, ó dá a padà fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Òótọ́ lẹ sọ, Mà. Àmọ́ wọn ò ní ká máàkì òótọ́. Ohun tó wà nínú ìwé ni wọ́n ní ká máàkì."

Kó tó padà dé, ọ̀gá iléèwé ti gbọ́. Ó ní kí Mà jọ̀ọ́, kí wọ́n máa fọ ìgò wọn. Wọ́n yọ pátákó náà, wọ́n fi dí fèrèsé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó fọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọmọ náà wá bá a nídìí ẹ̀rọ omi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù tó lè ṣe ìdánwò náà.

"Àǹtí, tí wọ́n bá tún béèrè ọ̀rọ̀ ahọ́n yẹn lọ́dún tó ń bọ̀, kí ni kí n kọ?"

Ìgò ọwọ́ Ìyá Láàbù kún, omi ń dà sílẹ̀, kò pa ẹ̀rọ.

"Ẹ̀yìn ahọ́n," ló wí.

Ọmọ náà ṣí ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀. Kò béèrè ibi tó ti rí i.