Kẹ́ẹ̀gì Alákìísà Pupa

Imú ni ìyá mi fi ń mọ kẹ́ẹ̀gì. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ọyẹ́ ti mú, ètè gbogbo wa ti funfun. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́bàá kànga agbo ilé wa ní Bẹyẹrúnkà, ó ń gbé kẹ́ẹ̀gì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń ti imú bọ ẹnu wọn. "Òróró nìyí. Òróró náà ni. Èyí, kẹrosíìnì ni. Gbé e sẹ́yìn." Èmi ni mò ń gbé e sẹ́yìn. Títí di òní, tí mo bá gbóòórùn kẹrosíìnì tó dàpọ̀ mọ́ erùpẹ̀ tútù, ẹnu kànga yẹn ni mo máa ń bá ara mi.

Kẹ́ẹ̀gì òfìfo ni ìyá mi ń tà l'Ọ́jà'ba. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà á rántí bí àwọn tó ń ta kẹ́ẹ̀gì ṣe máa ń fi okùn so wọ́n pọ̀ rẹpẹtẹ kí wọ́n tó gbé wọn rù. Tí ìyá mi bá ń gbé tirẹ̀ gba Bẹẹrẹ kọjá, ẹ ò ní rí orí rẹ̀, ẹ ò ní rí èjìká rẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan lẹ máa rí tó ń rìn lábẹ́ òkìtì ofeefee. Àwọn ẹgbẹ́ mi nílé ìwé wa ní ìsàlẹ̀ Màpó máa ń pè mí ní ọmọ oníkẹ́ẹ̀gì. Mo bá méjì nínú wọn jà, wọ́n sì nà mí dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà ò kúrò lára mi.

Àmọ́ kẹ́ẹ̀gì àárọ̀ ọjọ́ náà kì í ṣe ti títà. Omi bàbá mi la fẹ́ fi wọ́n gbé. Bàbá mi ń wa kàtàpílà fún àwọn tó ń la ọ̀nà, iṣẹ́ náà sì ti gbé e dé ọ̀dàn kan tó kọjá Ìgbòho, níbi tí kò sí iná, tí kò sí ẹ̀rọ omi, tí kò sí kànga. Omi adágún tí wọ́n fi ń po kọnkéré níbẹ̀ kì í bá inú rẹ̀ lára mu rárá. Nítorí náà, ìgbàkígbà tí ìyá mi bá ń lọ wò ó, kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ ló máa ń pọn kún láti kànga wa. Lọ́dún tí mo pé ọmọ ọdún méje, nígbà ìsinmi ìparí ọdún, ó ní kí n tẹ̀lé òun.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o kúkú fẹ́ gbé odò Ògùnpa tọ ọmọ mi lọ ni?"

"Ẹ jẹ́ n gbé e, Ìyá," ìyá mi dáhùn. "Ẹni bá da omi síwájú, á tẹ ilẹ̀ tútù."

Kò sí ohun tí kì í fi ọ̀rọ̀ yìí sí. Tó bá fún oníbàárà ní ọmọrí kẹ́ẹ̀gì kan lé e, á sọ ọ́. Tó bá gbé oúnjẹ lọ fún aláìsàn ní Yemẹtù, á sọ ọ́. Mo ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò wo ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Da omi síwájú, o máa tẹ ilẹ̀ tútù. Kí ló tún kù níbẹ̀ tó ń fẹ́ àlàyé?

Ó da yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ sínú kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan, ó bu omi gbígbóná àti ọṣẹ lé e, ó sì ń mì wọ́n jìgìjìgì títí òróró fi bọ́. Ó ṣàn wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fi aṣọ funfun sẹ́ omi tí ó ti fi álọ́ọ̀mù mú tòrò lóru àná sínú wọn. Nígbà tó kan ìkẹjọ, ó fa àkísà pupa kan ya, ó so ó mọ́ ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì náà. "Omi ẹ̀yìn nìyí," ó sọ fún mi. "A ò ní fọwọ́ kàn án, àfi tí gbogbo ìyókù bá tán."

Ọkọ̀ ilé iṣẹ́ bàbá mi gbé wa ní Mólété, ìrìn náà sì gba gbogbo ọjọ́ yẹn. Ilé onítáyà ni bàbá mi ń gbé níbẹ̀, irú èyí tí mọ́tò ńlá máa ń fà kiri bí iṣẹ́ bá ti ń sún síwájú. Mo ti gbọ́ ìròyìn rẹ̀, n ò gbà á gbọ́. Ó ní táyà mẹ́rin, fèrèsé méjì, àti àkàsọ̀ onírin onípele mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ ni ẹ̀rọ omi kékeré kan tó wà nínú ilé náà. Ní Bẹyẹrúnkà, okùn àti korobá la fi ń fa omi, ọwọ́ wa a sì máa bó. Níbí, láàárín ọ̀dàn, bàbá mi da kẹ́ẹ̀gì méje sínú táńkì abẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó wá fi ìka kan ṣoṣo yí ẹ̀rọ yẹn, omi sì jáde. Mo gbọ́wọ́ sí i, mo tọ́ ọ wò. Omi kànga wa ni. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Mo rò pé kànga náà ti tẹ̀lé wa wá, pé ó wà lábẹ́ ilé yẹn níbi kan nínú òkùnkùn.

Bàbá mi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mọ iye omi tó kù láìṣí táńkì. Á fi oríkèé ìka kàn án. Bó bá kún, ohùn rẹ̀ á wúwo. Bó bá ti ń lọ sópin, ohùn rẹ̀ á ròkè. "Kàn án," ó máa ń wí, "kí o sọ ohun tó wí fún mi." Mi ò tíì rí àgbàlagbà tó ń bá omi sọ̀rọ̀ rí. Ní gbogbo àárọ̀, èmi ni mò ń kan táńkì, èmi ni mò ń jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló yẹ kí ọkọ̀ padà wá gbé wa. Àmọ́ ọkọ̀ tó ń gbé omi mímu wá fún àwọn òṣìṣẹ́ bàjẹ́ lọ́nà ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kò dé. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ike wá sẹ́nu ọ̀nà wa, bàbá mi sì ń bù fún wọn. Ìyá mi ń wò ó, kò lè dá a dúró, torí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ń ṣẹ lójú rẹ̀. Nígbà tó di òwúrọ̀ Ọjọ́rú, mo kan táńkì, ohùn rẹ̀ ròkè gan-an. Ó ti tán. Omi tó kù fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ju kẹ́ẹ̀gì alákìísà pupa lọ, àti ìwọ̀nba tó wà nínú bútà tí bàbá mi fi ń ṣe àlùwàlá.

"Èyí ló máa gbé wa dé Jímọ̀," ìyá mi wí. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà sábẹ́ àkàsọ̀, níbi tí oòrùn ò ti ní bá a, ó sì lọ ṣẹ́gi.

Ẹsẹ̀ bàbá mi ni mo ti ń wò láti ọjọ́ tí a ti dé. Ọyẹ́ ti la gìgísẹ̀ rẹ̀ débi pé ẹ̀jẹ̀ máa ń yọ níbẹ̀. Ìyá mi ń fi òrí pa á lálaalẹ́, síbẹ̀, tó bá bọ́ bàtà iṣẹ́ rẹ̀ tó tẹ ilẹ̀ gbígbẹ yẹn, ṣe ló máa ń tiro. Mo jókòó sórí àkàsọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo rí eruku kàtàpílà rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán tó ń bọ̀ wá kírun Àílà. Mo wo ilẹ̀ tó máa tẹ̀. Ó gbẹ, ó sán, ó funfun. Ọ̀rọ̀ ìyá mi sọ sí mi lọ́kàn, inú mi sì dùn pé mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe.

Mo fa kẹ́ẹ̀gì náà, kò mira. Mo tì í ṣubú, mo ń yí i lọ síbi tí bàbá mi máa ń gbé kàtàpílà sí, mo ṣí i níbẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi abọ́ oúnjẹ mi gba omi rẹ̀. N kò dà á ní jákujàku. Mo fara balẹ̀, mo dà á ní ọ̀nà tóóró kan tó gba ẹsẹ̀ méjì, láti ibẹ̀ títí dé ìdí àkàsọ̀. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí n dé ibẹ̀, omi tán, mo sì gbé kẹ́ẹ̀gì náà dojú dé kí ẹ̀kán omi tó kù lè parí rẹ̀.

N ò lè ṣàpèjúwe òórùn tó jáde láti inú ilẹ̀ yẹn fún yín. Ilẹ̀ tí kò tíì rí òjò láti bí oṣù mélòó kan ló mí kanlẹ̀ lójú mi. Àwọn labalábá funfun kéékèèké tí n ò mọ ibi tí wọ́n ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í bà sórí ọ̀nà náà, wọ́n ń ṣí apá, wọ́n ń pa á dé. Ojú ọ̀dàn funfun, eruku, oòrùn, àti ọ̀nà dúdú kan ṣoṣo láàárín rẹ̀. Èmi ni mo ṣe é. Mo dúró, mo lanu sílẹ̀.

Bàbá mi pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀. Àsìkò kan náà ni ìyá mi yọ pẹ̀lú igi lórí. Ó wo ilẹ̀, ó wo kẹ́ẹ̀gì, ó sọ igi sílẹ̀.

"Sìdí, omi dà?"

"Mo dà á síwájú ni, Màámi. Kí Bàbá lè tẹ ilẹ̀ tútù."

Ìyá mi tẹ̀ síwájú, ó ti yọ ẹ̀ka kan nínú igi tó ṣẹ́, mo sì mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Bàbá mi gbé ọwọ́ sókè sí i. Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó tú okùn bàtà rẹ̀, ó bọ́ méjèèjì, ó sì dìde. Ó wá fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí ọ̀nà yẹn, ní ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé èkejì, kò yára, kò tiro, àwọn labalábá ń dìde níwájú rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní, "Ó tutù."

Ó kọjú sí ìyá mi. "Àbẹ̀kẹ́, ta ló kọ́ ọmọ yìí?" Ìyá mi ju ẹ̀ka náà nù.

Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí ẹni tó fi erùpẹ̀ ṣe táyámọ́mù dípò àlùwàlá. Bàbá mi fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀ gbígbẹ, ó fi pa ojú, ó fi pa ọwọ́, ó kírun. Lẹ́yìn náà ó gbé kẹ́ẹ̀gì méjì, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí abúlé tó wà lẹ́yìn òkè. Kò padà títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀, ààbọ̀ kẹ́ẹ̀gì omi pípọ́n ló sì rí gbé bọ̀, torí àwọn ará abúlé náà ń tò sídìí adágún ni. Ìyá mi fi álọ́ọ̀mù sí i. Àwọn méjèèjì ló mu ún. Omi mímọ́ inú bútà ni wọ́n ń bù fún mi, ní ife kékeré. Àgbà ni mo dà kí n tó mọ̀ pé òun nìkan ni omi mímọ́ tó kù.

Inú bàbá mi ò gbà á. Ní Ọjọ́bọ̀, kò lè lọ síbi iṣẹ́. Ó ká jọ sórí ibùsùn, ó ń kérora, èmi sì jókòó sílẹ̀ nítòsí orí rẹ̀, mo gbà pé ó máa kú, pé èmi ni mo pa á. Ó ti rí i lójú mi. Ó ní kí n kan táńkì.

"Kí ló wí?"

"Ó ní òun ṣófo."

"Kò parọ́." Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Ṣé o mọ̀ pé gbogbo ayé ni mò ń lànà fún kiri, Sìdí? Ẹnì kan ò lànà fún mi rí. Ìwọ nìkan ni."

Ọkọ̀ dé ní Jímọ̀ pẹ̀lú omi, ara rẹ̀ sì yá. Láti ìgbà náà, bí ìyá mi bá ti bẹ̀rẹ̀ òwe rẹ̀ ní ìṣojú mi, á dúró, á ní, "Sìdí, di etí rẹ," gbogbo agbo ilé á sì fi mí rẹ́rìn-ín.

Mo ti ní ilé tèmi báyìí. Kànga dẹ̀rọ wà níbẹ̀, táńkì ńlá méjì ló sì wà lókè. N kì í rìn ìrìn àjò láìgbé kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin sẹ́yìn ọkọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì máa ń ní àkísà pupa lọ́wọ́. Ọkọ mi máa ń bi mí bóyá ọ̀nà Mẹ́kà la ń tọ̀. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ ìyá mi yẹn pé. Mo tún fi ẹ̀rọ omi kan sí ẹ̀gbẹ́ ògiri níta fún àwọn aládùúgbò, àmọ́ wọ́n ń fi omi ṣòfò, owó iná ń gun òkè, mo bá fi àgádágodo tì í.

Ọyẹ́ tó kọjá ni bàbá mi wá kí mi. Ogbó ti dé sí i, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó bá obìnrin kan tó ń gbé lẹ́yìn wa, Ìyá Fẹ́mi, lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú korobá òfìfo, ó ń yí padà lọ.

"Ṣé omi ò sí ni?" bàbá mi bi mí.

"Omi wà, Bàbá. A kàn tì í ni, nítorí..."

Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu géètì, ó fi gìgísẹ̀ rẹ̀ tó ti là tẹ sìmẹ́ǹtì mi, ó tiro dé ọ̀dọ̀ mi.

"Ilẹ̀ ibí gbẹ," ó wí.

Mo ní kí Ìyá Fẹ́mi dúró. Mo wọlé lọ wá kọ́kọ́rọ́ náà, lórí tábìlì, nínú àpò, lábẹ́ ìrọ̀rí, ojú sì ń tì mí bí mo ti ń wá a. Ọmọ ọdún méje yẹn, tí kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní kọ́kọ́rọ́ kankan tó máa wá.