Èmi Ni Wọ́n Máa Ń Rán Wọnú Àká

Òórùn eruku àgbàdo gbígbẹ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Láàárọ̀ ọyẹ́, bí ìyá wa bá ti ṣí àká tó wà lẹ́yìnkùlé wa ní Ìsẹ́yìn, òórùn náà á gba gbogbo agbo ilé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ àká: amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, koríko ni wọ́n fi ń dé e lórí bíi fìlà, òkè nìkan sì ni ẹnu rẹ̀ wà. Bí àgbàdo bá ti lọ sílẹ̀, ọwọ́ àgbàlagbà kì í tó o mọ́. Ọmọdé ni wọ́n máa ń gbé wọnú rẹ̀.

Èmi ni ọmọdé náà. Ìbejì ni wá, èmi Táyé obìnrin àti Kẹ́hìndé ọkùnrin. Ẹ sì mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ: Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán mi wáyé pé kí n lọ tọ́ ọ wò, kí n ké bó bá dára, kí òun tó máa bọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí sú mi láti kékeré! Bí ọbẹ̀ bá gbóná, ahọ́n mi ni. Bí odò bá tutù, ẹsẹ̀ mi ni. Ìyá wa á ní, "Táyé, yára, ẹ̀gbọ́n rẹ ń dúró dè ọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n rí awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká. Kẹ́hìndé jókòó sórí àkàbà, ó ní, "Lọ wò ó wá fún mi. Tó bá dára, ké." Inú bí mi. Mo wọlé, àgbàdo dé mi lórúnkún, òkùnkùn bò mí, n ò sì ké. Ó pè mí, n ò dáhùn. "Táyé, má bá mi ṣe irú eré yìí o!" Àfi gbì! Ó já lé mi lórí, ó ń sunkún, ó ń fọwọ́ méjèèjì tú àgbàdo bí adìẹ tó ń tan ilẹ̀. "Ejò náà dà? Táyé, ejò náà dà?" Ìyá wa nà wá nítorí àgbàdo tí a tẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Kẹ́hìndé tún ti ní kí n bá òun tọ́ ẹ̀kọ gbígbóná wò.

Ìwé Àṣàbí, ọmọ ọmọ mi, ló gbé ọ̀rọ̀ náà padà wá sí mi lọ́kàn. Ojú mi ti ń ṣú, òun ló ń kà á sí mi létí níhìn-ín ní Ṣakí. Wọ́n gbé e ka ìtàn àtayébáyé àwọn ará Máyà, ìran kan lókè òkun níbi tí àgbàdo ti ṣẹ̀ wá. Ìbejì kan wọ abẹ́ òkè lọ bá àwọn ọba ikú, kí wọ́n lè gbé àgbàdo tí a fi mọ ènìyàn jáde. Olùkọ́ ní kí wọ́n kọ kókó rẹ̀.

"Ìgboyà ni, Màmá. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni akọni."

"Ta ló rán an?"

"Ìwé ò sọ."

"Ìwé náà ò mọ ìbejì nìyẹn. Nígbà tí wọn ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́, kí ni èkejì ṣe?"

Ó ṣí ìwé. "Ó tẹ̀ lé e wọlé."

"Kọ ìyẹn."

Awọ funfun ti bo ẹyinjú Kẹ́hìndé náà ní Ìsẹ́yìn. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kù fún àwa méjèèjì. Ẹ gbọ́ ohun tí bàbá arúgbó wí lórí fóònù: "Lọ ṣe tìrẹ ná. Tó bá dára, pè mí."

Mo lọ. Ó dára. Fóònù dún, mo tilẹ̀ rí orúkọ Kẹ́hìndé lójú fóònù kedere, n ò gbé e. Ó dún títí ó fi sú u. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọ̀kadà já Kẹ́hìndé sẹ́nu ọ̀nà wa, ó ń táràrà mọ́ ògiri. "Táyé dà? Kí ló dé tí o ò fọhùn, ìwọ ọmọ yìí?"

Ọmọ tó bínú nínú àká kò tíì dàgbà nínú mi, mo gbà. Ṣùgbọ́n nínú òkùnkùn ọjọ́ kìíní, ẹkún rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́. Lọ́tẹ̀ yìí mo rí i: irun funfun, bùbá tó wọ̀ sódì, omijé lẹ́rẹ̀kẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún un, mo fà á lọ́wọ́ dé ẹnu yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó dúró gbagidi. "Ìwọ kọ́kọ́ wọlé ná."

"Wọlé, jàre," ni mo wí. "Kò sí ejò níbẹ̀."