Ìgbín Tí Mama Dorsila Jẹ

Ní gbogbo ìlú Yenmakar, ní àwọn erékùṣù Raja Ampat, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé bí Mama Dorsila Sauyai bá ti wọ omi, kí èèyàn yáa wá nǹkan mìíràn ṣe, torí obìnrin náà kò ní jáde bọ̀rọ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ètè rẹ̀ pupa nítorí èso pinang tó ń jẹ bí obì lójoojúmọ́, etí rẹ̀ òsì sì ti ń di láti bí ọdún mẹ́ta. Òun àti ọkọ rẹ̀, Bapak Lamek, ló ni ilé àlejò kéékèèké mẹ́ta tí wọ́n fi ewé ọ̀pẹ bò létí omi. Àwọn àlejò á gba káàdì ọgbà òkun ìjọba ní ìlú Waisai, wọ́n á wọkọ̀ ojú omi wá sọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n á dorí kodò sínú omi, wọ́n á máa wo ẹja bí ẹni tí kò rí ẹja rí. Dorsila fẹ́ràn wọn. Ó máa ń sọ pé èèyàn tó wọ ọkọ̀ òfuurufú lẹ́ẹ̀mẹta nítorí àtiwo ohun tí òun ń fi se ọbẹ̀, kò lè jẹ́ èèyàn burúkú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé àlejò ló mú kí wọ́n máa bọ̀wọ̀ fún un. Òun ni olórí àwọn obìnrin tó ń ṣọ́ àálè òkun. Sasi ni wọ́n ń pe àálè yìí níbẹ̀, ó sì ti wà tipẹ́tipẹ́ kí ìjọba tó ronú kan ọgbà òkun kankan. Láti ibi àpáta funfun títí dé ẹnu èbúté, omi yẹn ti àwọn obìnrin ni. Wọ́n á gbàdúrà lé e lórí, wọ́n á ri igi mọ́lẹ̀, wọ́n á so màrìwò àgbọn mọ́ ọn, ó parí nìyẹn fún ọdún kan gbáko. Èèyàn lè lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, àlejò lè wòran níbẹ̀, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú edé ńlá tàbí ìgbín òkun kankan jáde. Bí ọdún bá yípo, wọ́n á ṣí i fún ọjọ́ méje, gbogbo obìnrin ìlú á wọ omi, olórí wọn ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bẹ́ sínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mọkànlá ni Dorsila ti ṣí òkun bẹ́ẹ̀.

Ìkejìlá tó ń bọ̀ yìí ni yóò ṣe kẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì ti fi tọ́ọ̀ṣì wo inú etí náà, ó mi orí, ó ní bí Mama bá tún fi ọdún kan kún un tó sì wọ ibú, etí náà á dákẹ́ pátápátá.

"Ti ọdún yìí ńkọ́?" ni Dorsila bi í.

"Ti ọdún yìí nìkan, Mama. Mo bẹ̀ yín."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń ka ọjọ́ bí ọmọ tó ń retí ọdún Kérésì. Kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá ń fọ abọ́, ọ̀rọ̀ omi ni. Bó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ omi ni. Bapak Lamek ní bí òkun bá jẹ́ ọkùnrin, òun ì bá ti kó ẹrù òun jáde nílé.

Ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n ṣí òkun ni Ibu Wuryani sín.

Ibu ni wọ́n ń pe ìyáàfin níbẹ̀, Wuryani yìí sì ni àlejò kan ṣoṣo tí wọ́n ní lọ́sẹ̀ náà. Ọ̀gá ilé ìwé ni tẹ́lẹ̀ ní Malang, lọ́hùn-ún ní erékùṣù Jáfà, ó ti fẹ̀yìn tì, ó sì ti ń fi owó pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ kó lè fojú ara rẹ̀ rí àwọn erékùṣù Raja Ampat. Ó dúró sórí èbúté láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ń wo ẹja wẹ́wẹ́ tó ń tàn yinrinyinrin nísàlẹ̀, ni atẹ́gùn bá wọ ọ́ nímú. Ó sín lẹ́ẹ̀kan, ó sín lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta gbé eyín àtọwọ́dá òkè rẹ̀ fò lọ.

"Mama," ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu, "eyín mi ti lọ o."

"Ó lọ síbo?"

"Sómi."

Bapak Lamek tó ń tún àwọ̀n ṣe nítòsí kò lè pa á mọ́ra. "Ẹja tó bá gbé e, ayé dé bá a. Yóò máa fọ́ àgbọn jẹ ni."

"Lamek, panu dé kí n tó sọ tìrẹ náà sómi! Ibu, ẹ má dá a lóhùn, ẹ jókòó. Ẹ máa tó jẹun."

Omi èbúté kò ju ìdúró èèyàn méjì lọ, kì í ṣe ibú. Dorsila so ìró rẹ̀ le, ó bọ́ sínú omi bí ẹni bọ́ sí yàrá ara rẹ̀. Eyín náà rèé lórí òkúta iyùn kan, ó jókòó bí ẹni ń bá ẹja rẹ́rìn-ín. Ó mú un. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an ni ìgbín òkun kan wà, ó tóbi tó ìkúùkù ọkùnrin. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: obìnrin yìí ti ń ṣa ìgbín láti ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ojú rí, ọwọ́ mú, ọwọ́ fi sínú ìró, ọkàn kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ó jáde, ó fi omi mímu fọ eyín, ó fi lé oníǹkan lọ́wọ́. Ibu Wuryani dì mọ́ ọn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, Dorsila náà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jọ lọ sí ilé ìdáná.

Níbẹ̀ ló ti tú ìró rẹ̀ tó tutù, tí ìgbín jábọ́. Ọwọ́ tún ṣe bí ọwọ́ ṣe máa ń ṣe: ó fọ́ ọ, ó gé e wẹ́wẹ́, ó dà á sínú ọbẹ̀ ẹja tó ń hó. Wọ́n bu papeda, òkèlè wọn tó dà bí ẹ̀kọ gbígbóná, ó ń fà yọ́ọ̀yọ́ọ̀ lórí igi ìbùjẹ, wọ́n bu ọbẹ̀ sí i, wọ́n jẹ.

"Mama, kí ni èyí tó ń fà lẹ́nu bí rọ́bà, tó sì dùn báyìí?" Ibu Wuryani ń fi eyín rẹ̀ tó dé láti ìrìn àjò jẹ ẹ́ tayọ̀tayọ̀.

"Ìgbín òkun ni, Ibu. Ẹ tún mú sí i."

"Níbo lẹ ti ń rí i?"

"Ní..." ni Dorsila wí, ìgbà náà ló rántí àálè. Èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ ti kọjá ọ̀fun.

Nígbà tí àlejò lọ sun oorun ọ̀sán, ó fi ìkarawun ìgbín náà han ọkọ rẹ̀. Lamek wò ó, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó tún wò ó.

"Ta ló rí ọ?"

"Ọlọ́run rí mi."

"Ọlọ́run kò sí nínú ẹgbẹ́ obìnrin. Ta tún ni?"

"Kò sí."

"Jù ú sígbó, kí o lọ wẹ̀. Ìgbín kan ṣoṣo! O ti dúró de ọjọ́ yìí láti ọdún tó kọjá."

Ó fẹ́ jù ú nítòótọ́. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ohun tí kò jẹ́ kó jù ú ni Orpa, àbúrò Lamek lóbìnrin. Ọdún tó kọjá, ó ku ọjọ́ kan kí wọ́n ṣí òkun ni wọ́n bá edé ńlá kan nínú ìkòkò Orpa. Orpa ní ó ti kó sínú àwọ̀n fúnra rẹ̀, ó sì ti kú kí òun tó rí i. Dorsila dìde láàárín ìpàdé, ó ní, "Edé kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ìdí iná." Gbogbo obìnrin rẹ́rìn-ín. Òfin tí Dorsila fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ni pé ẹni tó bá ba àálè jẹ́ kò ní fi ẹsẹ̀ kan omi fún ọjọ́ méjèèje. Orí èbúté ni yóò jókòó, yóò máa ro papeda fún àwọn tó ń wọ omi. Ọjọ́ méje ni Orpa fi ro papeda. Láti ìgbà náà, bó bá kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń pè ní Kaka, ìyẹn ẹ̀gbọ́n, ó máa ń kí i bí ẹni kí òṣìṣẹ́ ìjọba. Wọ́n ní pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ti Dorsila burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: òun ìyálé ló na ìyàwó, tó tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé pàṣán pamọ́ de ara rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí òkun, ṣọ́ọ̀ṣì kún dẹ́nu. Bí ìṣe wọn, pásítọ̀ bi ìjọ pé, "Ǹjẹ́ ẹnì kan wà tó fọwọ́ kan ohun tí a fi sábẹ́ àálè?" Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń dúró ìwọ̀n èémí méjì, yóò wá máa bá àdúrà lọ.

Dorsila dìde. "Èmi ni."

Ó rò ó fún wọn látorí sísín títí dé orí papeda. Nígbà tó débi tí eyín ti ń bá ẹja rẹ́rìn-ín, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín, pásítọ̀ pàápàá fi ìwé orin bojú. Ibu Wuryani dìde lẹ́yìn, ojú rẹ̀ pọ́n. "Èmi náà jẹ níbẹ̀! Mi ò mọ̀ o!"

"Ẹ jókòó, Ibu, àlejò ni yín," ni pásítọ̀ wí. Ó wá yíjú sí ìjọ. "Ẹ̀yin èèyàn, ọ̀rọ̀ àlejò ló fà á. Mama sì ti sọ fún wa pé èyí ni yóò ṣe kẹ́yìn. Ṣé kí a kàn fojú fò ó?"

Àwọn kan ń kùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n fojú fò ó. Ni Orpa bá dìde.

"Ẹ jẹ́ kó wọ omi," ni Orpa wí. "Èmi kò ní bá arúgbó du òkun."

"Ta lò ń pè ní arúgbó?"

"Ẹ̀yin ni, Kaka. Arúgbó adití tó jẹ èèwọ̀. Ẹ lọ wọ omi yín."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Dorsila kò rẹ́rìn-ín. Kí ló tún kù tó ń wá? Wọ́n ti gbé òkun fún un. Ó wo Lamek, ó wo Orpa, ó wo ẹnu ọ̀nà tí omi ti ń tàn lóde, ó sì wù ú kó sáré lọ bẹ́ sí i.

"Orpa," ó wí, "bí mo bá wọ omi lónìí, kí ni ìwọ jókòó fún lọ́dún tó kọjá?"

Orpa ti fẹ́ padà jókòó.

"Ìwọ ni wàá ṣí i," ni Dorsila wí, ó sì jókòó kó má baà yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Bó ṣe di pé Orpa ló kọ́kọ́ bẹ́ sómi nìyẹn, tí Dorsila sì jókòó sórí èbúté ti ìkòkò papeda. Ọkọ̀ igi tẹ́ sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ, àwọn obìnrin ń bọ́ sómi, wọ́n ń jáde, wọ́n ń pariwo orúkọ ara wọn. Omijé ń bọ́ lójú Dorsila. Kò nù ún nù. Lamek wá jókòó tì í, kò dá àpárá kankan, ó kàn ń fẹ́ iná.

Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, Dorsila ṣàkíyèsí pé ọkọ̀ kò wúwo. Edé kékeré kan níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún. Kò yà á lẹ́nu. Àwọn ihò tí edé ńláńlá ń sùn sí, òun nìkan ló mọ̀ wọ́n. Ogójì ọdún ló fi ń dá nìkan lọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá bi í, á ní edé ló ń pe òun lórúkọ. Kò sọ fún ọkọ, kò sọ fún ọmọ. Orpa yọrí jáde, ó di etí ọkọ̀ mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ó wo apá èbúté.

Dorsila ju igi ìroka sílẹ̀, ó rìn dé etí èbúté.

"Orpa! Lọ sí òsì! Abẹ́ òkúta tó rí bí àga tó dojú délẹ̀!"

"Èwo?"

"Sún síwájú! Sún sí i! Ó dáa, ibẹ̀ náà. Ihò wà lábẹ́ rẹ̀. Na ọwọ́ wọlé títí dé igbọ̀nwọ́, má bẹ̀rù!"

Orpa rì. Ó pẹ́. Ó yọ pẹ̀lú edé méjì tó gùn tó apá rẹ̀, igbe sì ta lórí omi láti ọkọ̀ dé ọkọ̀.

Dorsila kò dúró. Ó júwe ti ẹ̀gbẹ́ àpáta funfun. Ó júwe ti abẹ́ igi tó wó. Ó ń nawọ́, ó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀, ó ń bú ẹni tó bá lọ sápá ọ̀tún nígbà tóun ní òsì. Papeda jóná, kò sẹ́ni tó bìkítà. Nígbà tí oòrùn yẹ̀ orí, ohùn rẹ̀ ti há, kò sì sí ibì kan mọ́ nísàlẹ̀ omi yẹn tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, àfi ẹyọ kan.

Orpa lúwẹ̀ẹ́ wá sábẹ́ èbúté, ó gbójú sókè.

"Kaka, ṣé ó tún kù?"

Dorsila kúnlẹ̀ sórí pákó, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ohùn rẹ̀ tó há lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì sọ ihò kan tó kù náà fún un.