Òwú Pupa Inú Ìrọ̀rí

Kò sí ahunṣọ tó láyà láti gbá àjákù òwú dànù ní àdúgbò wa n'Íṣẹ́yìn bí ìyá bàbá mi bá wà nítòsí. Wọ́n á pariwo: "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé ààtàn ló fẹ́ fi òwú yẹn hunṣọ ni?" Wọ́n á ṣà á, wọ́n á gbọn eruku rẹ̀, wọ́n á kì í sínú àpò fúláwà tí wọ́n ti fọ̀, ó di ìrọ̀rí. Nígbà tí wọ́n fún mi ní tèmi, wọ́n ní, "Òwú pupa inú ẹ̀, ti aṣọ ìgbéyàwó ìyá ẹ ni."

Lánàá, ìrọ̀rí náà ya. Ọmọ mi ní ká sọ ọ́ nù, ká ra ti fóòmù. Òwú pupa ti yọ sí mi lọ́wọ́. Aṣọ yẹn ti gbó tipẹ́, ìyá mi sì ti papòdà.

Mo ní, "Abẹ́rẹ́ ni kó o mú wá."